Kí Ẹ Tó Fi Owó Àjọ Ra Ẹ̀rọ Tó Ń Fọ Inú Mọ́tò

Ó ti ṣe díẹ̀ tí àwọn ará wa ti ń gbé ọ̀rọ̀ kan náà wá sí ọ́fíìsì wa. Àwọn kan nínú wọn ń wa míníkàbù, wọ́n sì fẹ́ máa fọ inú mọ́tò wọn fúnra wọn. Àwọn mìíràn fẹ́ fi fífọ inú mọ́tò ṣe iṣẹ́ ọjọ́ Sátidé, kí owó díẹ̀ lè kún ti ilé. Ìbéèrè wọn ni pé, "Ẹ̀rọ wo ni ká rà?" Ìbéèrè gidi ni. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé ẹ̀yìn tí wọ́n ti rà á tán ni wọ́n ń bèèrè.

Ẹ gbọ́ ti arákùnrin wa kan. Ó kó àjọ, ó sì fi £450 ra ẹ̀rọ àlòkù lọ́wọ́ ẹnì kan tí kò mọ̀ rí. Omi ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ náà bí òjò, inú rẹ̀ sì dùn. Ó fi fọ mọ́tò oníbàárà kan ní Sátidé. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Tuesday, mọ́tò náà ti ń rùn bí aṣọ tí a ká pa mọ́ láì gbẹ. Onímọ́tò, tó jẹ́ awakọ̀ míníkàbù, kò lè gbé èrò fún odidi ọjọ́ mẹ́ta, ó sì ní kí arákùnrin wa san owó ọjọ́ mẹ́ta náà fún òun. Ẹni tó ta ẹ̀rọ ti pa fóònù rẹ̀. Kí ló fà á? Ẹ̀rọ yẹn mọ omi í tú, kò mọ̀ ọ́n fà padà.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn nìyẹn. Kì í ṣe omi tí ẹ̀rọ ń tú ni ẹ ń fi owó rà. Omi tó ń fà padà ni.

IRÚ Ẹ̀RỌ WO LÀ Ń SỌ?

Extractor ni wọ́n ń pè é ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní tánkì méjì: ọ̀kan fún omi tó mọ́ tí a po ọṣẹ díẹ̀ mọ́, èkejì fún omi ìdọ̀tí. Pọ́ǹpù kékeré kan á ti omi tó mọ́ gba inú họ́ọ̀sì dé ẹnu tí ẹ fi ọwọ́ mú. Omi á wọ inú aṣọ ìjókòó tàbí kápẹ́ẹ̀tì, á tú ìdọ̀tí. Lójú ẹsẹ̀, ẹ́ńjìnì tó ń fà á gbé omi àti ìdọ̀tí padà sínú tánkì kejì.

Ẹ má ṣì í mú o. Húfà lásán kì í ṣe extractor. Ẹ má fi fa omi láéláé, torí iná lè gbé yín. Steam cleaner náà yàtọ̀. Ooru omi ló ń tú jáde, ó sì dára fún kọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn àti ojú ike, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í fa nǹkan kan padà. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní wet and dry vacuum wà pẹ̀lú. Ó ń fa omi, kì í tú omi. Ẹni tí owó ò tíì tó lọ́wọ́ rẹ̀ lè fi èyí bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ìgò tí a fi ń fọ́n omi àti búrọ́ọ̀ṣì. Iṣẹ́ á pẹ́ díẹ̀, àmọ́ á mọ́.

Ti extractor fúnra rẹ̀, oríṣi mẹ́ta ni ẹ máa rí. Àkọ́kọ́ ni èyí tó kéré, irú ti Bissell àti Vax, tí wọ́n ṣe fún àbàwọ́n inú ilé. Tánkì rẹ̀ kì í sábà gbà ju lítà mẹ́ta lọ. Ó tó fún ẹni tó ń fọ mọ́tò tirẹ̀ nìkan. Ìkejì ni ti àárín, irú George tí ilé iṣẹ́ Numatic ń ṣe, tí a lè fi gbá ilẹ̀, kí a fi fa omi, kí a sì fi fọ kápẹ́ẹ̀tì. Ìkẹta ni èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún àwọn tó ń fọ mọ́tò jẹun. Ó wúwo, ó sì wọ́n. Ẹni tí kò tíì ní oníbàárà kò nílò rẹ̀.

OHUN TÍ Ẹ MÁA WÒ

1. Agbára ìfà. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi wáàtì tàn yín. Wáàtì ń sọ iye iná tí ẹ̀rọ ń jẹ, kò sọ bó ṣe ń fà tó. Ẹ bèèrè water lift rẹ̀, ìyẹn bí ẹ̀rọ náà ṣe lè fa omi gòkè tó nínú páìpù. Ìǹṣì ni wọ́n sábà fi ń kọ ọ́. Fún iṣẹ́ owó, ẹ wá èyí tó tó 100 ìǹṣì, nǹkan bíi mítà méjì àbọ̀. Ẹ bèèrè bí afẹ́fẹ́ tó ń gbà á kọjá ṣe pọ̀ tó pẹ̀lú, torí afẹ́fẹ́ ló ń gbé omi rìn.

2. Agbára pọ́ǹpù. Psi ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Fún inú mọ́tò, 50 sí 100 ti tó. Èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, kápẹ́ẹ̀tì ilé ló wà fún. Á ti omi wọ inú fóòmù ìjókòó, ibẹ̀ sì ni òórùn ti ń bẹ̀rẹ̀.

3. Ẹnu tí ẹ máa fi ọwọ́ mú. Kó má fẹ̀ ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá lọ, kó lè wọ àárín ìjókòó. Èyí tó ní ojú dígí tàbí ike tó mọ́ gaara ló dára, kí ẹ lè rí omi tó ń kọjá. Bó bá ṣì dúdú, ẹ máa fọ̀ lọ. Bó bá ti mọ́, ẹ dá omi dúró, ẹ máa fà nìkan.

4. Họ́ọ̀sì. Ti ẹ̀rọ kékeré lè má ju mítà kan àbọ̀ lọ, èyí sì túmọ̀ sí pé inú mọ́tò ni ẹ máa gbé ẹ̀rọ sí. Mítà mẹ́rin tàbí márùn-ún rọrùn jù. Kó má sì gùn ju bó ṣe yẹ lọ, torí bí họ́ọ̀sì bá ṣe gùn tó ni ìfà ṣe ń dín kù.

5. Ooru. Omi gbígbóná máa ń tú ọ̀rá dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń gbé omi gbóná fúnra rẹ̀ wọ́n, ó sì ń jẹ iná. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, omi gbígbóná láti ẹnu ẹ̀rọ omi ilé tó. Ẹ ka ìwé ìlànà rẹ̀ kí ẹ mọ̀. Ẹ má da omi híhó sí i, pọ́ǹpù lè bàjẹ́.

6. Ẹ̀yà ara rẹ̀. Ẹ bèèrè ibi tí wọ́n ti ń ta pọ́ǹpù, họ́ọ̀sì àti rọ́bà rẹ̀. Ẹ̀rọ tí kò ní ẹ̀yà títà, ọjọ́ tó bá kọṣẹ́ lọ́jọ́ ikú rẹ̀.

Ẹ DÁN AN WÒ KÍ Ẹ TÓ SANWÓ

Bí ẹ bá ń ra àlòkù, ẹ mú kápẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kékeré kan dání. Ẹ ní kí wọ́n bu omi sínú ẹ̀rọ. Ẹ tú omi sí kápẹ́ẹ̀tì náà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ fà á lẹ́ẹ̀mẹta láì tú omi mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi tíṣù funfun lé e, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí tíṣù bá kan tutù díẹ̀, ó dára. Bó bá rin gbingbin, ẹ dágbére fún wọn. Ẹ wo abẹ́ ẹ̀rọ bóyá ó ń jò, kí ẹ sì fi ojú wo wáyà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ọ̀nà mìíràn wà tí a fẹ́ràn jù: ẹ yá a lò ná. Àwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá kan máa ń fi ẹ̀rọ Rug Doctor háyà; ẹ ní kí wọ́n fún yín ní ẹnu kékeré tó wà fún ìjókòó. Ẹ fi fọ mọ́tò méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ máa mọ̀ bóyá ẹ̀yìn yín gba iṣẹ́ náà, bóyá oníbàárà sì wà.

Ẹ̀TỌ́ YÍN NÍ BRITAIN

Bí ẹ bá ra ẹ̀rọ tuntun fún ìlò ara yín ní ṣọ́ọ̀bù, tó sì ní àléébù, òfin Consumer Rights Act ọdún 2015 fún yín ní ọjọ́ 30 láti dá a padà kí ẹ sì gba gbogbo owó yín. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n gbọ́dọ̀ tún un ṣe tàbí kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ oníṣòwò, ẹ ní ọjọ́ 14 lẹ́yìn tó bá dé ọwọ́ yín láti yí ọkàn padà, kódà bí kò ní àléébù.

Àmọ́ ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Bó bá jẹ́ fún iṣẹ́ owó ni ẹ ṣe rà á, òfin yìí kọ́ ló dáàbò bò yín. Sale of Goods Act ọdún 1979 ni, ẹni tó tà á sì lè ní àwọn àdéhùn tó dín ẹ̀tọ́ yín kù. Ẹ ka àdéhùn kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Bí ẹ bá rà á lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe oníṣòwò, ẹ̀tọ́ yín kéré jọjọ. Ohun tó ṣàpèjúwe fún yín ló gbọ́dọ̀ fún yín. Nítorí náà, ẹ tọ́jú ìpolówó àti ọ̀rọ̀ tí ẹ jọ kọ síra yín. Bí iye rẹ̀ bá ju £100 lọ, ó dára kí ẹ fi credit card san án ní ṣọ́ọ̀bù, torí ilé iṣẹ́ káàdì náà lè pín ẹ̀bi pẹ̀lú ẹni tó tà á.

Ẹ̀yin tó ń gba Universal Credit, ẹ gbọ́dọ̀ máa sọ owó tó ń wọlé láti inú iṣẹ́ yìí lóṣooṣù. Ẹ lè ka owó ẹ̀rọ mọ́ ìnáwó iṣẹ́. Ẹ pa rìsíìtì mọ́ o! Bí ẹ bá sì fẹ́ ra ìnṣọ́ránsì, ẹ bèèrè ní tààrà bóyá ó kan mọ́tò tí ẹ ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ gan-an, torí ọ̀pọ̀ ìnṣọ́ránsì ló yọ ìyẹn sílẹ̀.

TÓ BÁ JẸ́ LÁTI AMẸ́RÍKÀ TÀBÍ LỌ SÍLÉ

Bí ẹ̀gbọ́n yín ní Houston bá ní òun fẹ́ fi ẹ̀rọ ránṣẹ́, ẹ dúpẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má gbà á. Iná 120 folti ni tọ̀hún, 230 ni tiwa níbí. Ẹ̀rọ náà á jó. Ti Nàìjíríà bá ti ibí mu ní ti folti. Ìṣòro ibẹ̀ ni iná tí kò sí. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní "I better pass my neighbour" kò lè gbé ẹ̀rọ tó ń jẹ 1,200 wáàtì. Kí ẹni tó fẹ́ fi ránṣẹ́ sílé kọ́kọ́ bèèrè jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n ní.

BÍ Ẹ BÁ TI RÀ Á

Ẹ kọ́kọ́ fi húfà gbá iyanrìn kúrò, ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ẹ tó tú omi. Àbàwọ́n mílíìkì tàbí ẹ̀jẹ̀, omi tútù ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ má tú omi sí abẹ́ ìjókòó níbi tí wáyà wà, torí wáyà airbag àti ti ìjókòó tó ń gbóná lè wà níbẹ̀. Ẹ má fi ẹ̀rọ yìí fọ aṣọ òrùlé mọ́tò. Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́, á já wálẹ̀. Ẹ fi fáànù sí i lẹ́yìn iṣẹ́, kí ẹ ṣí fèrèsé sílẹ̀ díẹ̀, kí ẹ sì sọ fún onímọ́tò pé kó fi wákàtí mélòó kan sílẹ̀ kó tó gbé èrò.

Ẹ tú wáyà ìfàgùn tán pátápátá kí ẹ tó lò ó, kí ẹ sì lo RCD tó ń pa iná bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ẹ má da omi ìdọ̀tí sí gọ́tà ojú títì. Ní ọ̀pọ̀ ibi, odò ló ń lọ tààrà, ó sì lodi sí òfin. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ omi àdúgbò yín ibi tí ẹ lè dà á sí. Bí òtútù bá dé, ẹ má jẹ́ kí omi sùn nínú ẹ̀rọ. Bó bá di yìnyín, á la pọ́ǹpù.

Arákùnrin wa yẹn ti bá onímọ́tò parí ọ̀rọ̀, ó ń san owó náà díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀rọ háyà ló ń fi ṣiṣẹ́ ní Sátidé báyìí, ó sì tún ti bẹ̀rẹ̀ àjọ mìíràn. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ní òun á mú kápẹ́ẹ̀tì àtijọ́ òun dání lọ sọ́jà.

Ẹni tó bá bèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Bí ẹ bá ní ìwé àdéhùn tí kò yé yín, tàbí ẹni tó ta ọjà fún yín ń fi yín ṣeré, ẹ mú ìwé àti rìsíìtì yín wá sí ọ́fíìsì wa, a ó jọ kà á ní èdè wa. Kí ẹ má sì dúró títí ọjọ́ 30 á fi kọjá.