Ọ̀rọ̀ Méjì Tí Ó Dá Mi Dúró

Nígbà tí olóòtú ní kí n kọ nǹkan sínú ìwé ẹgbẹ́ wa ti ọdún yìí, mo mọ̀ pé oríkì tàbí ìjálá ni ó ń retí. Iṣẹ́ mìíràn ni mo fẹ́ sọ, èyí tí mo fi ọ̀sẹ̀ 14 ṣe láìgba kọ́bọ̀: kíkọ àlàyé nípa ẹfolúṣọ̀n ní èdè Yorùbá sínú ìwé-ìmọ̀ ọ̀fẹ́ tí à ń pè ní Wikipedia.

Ìwé-ìmọ̀ yìí ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti ọdún 2001. Ti Yorùbá sì tẹ̀lé e láìpẹ́. A kì í sanwó fún àwa tí à ń kọ ọ́. Ẹnikẹ́ni ni ó lè kọ, ẹnikẹ́ni ni ó sì lè tún ohun tí ẹlòmíràn kọ ṣe, bí iṣẹ́ ọ̀wẹ̀ ní oko. Àbúrò mi ọkùnrin tí ó wà ní ọdún ìkẹyìn ní ilé-ìwé girama ni ó tì mí sí i. Ó ti há ẹfolúṣọ̀n sórí ní èdè Gẹ̀ẹ́sì bí ẹni há ọfọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ní kí ó là á yé mi ní Yorùbá, ó ní, "Bọ̀dá, ọ̀bọ ni ó di ènìyàn." Mo bá a wí. Lẹ́yìn náà ni mo wá rí i pé èmi tí mo bá a wí náà kò lè là á.

Kì í ṣe pé èdè wa kò lè gbé sáyẹ́ǹsì. Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí àwọn ọmọdé ti fi Yorùbá kọ́ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Ní 1984, ìwé èdè-ìperí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde, èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka wa kò lè ṣe aláìní. Ṣùgbọ́n ti ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni ni ó wà níbẹ̀. Kò sí ti ẹyẹ àti ẹ̀fọn.

Ọ̀rọ̀ kìn-ín-ní tí ó dá mi dúró ni paradà. Mo kọ ọ́ pé: ẹfolúṣọ̀n ni kí ohun abẹ̀mí kan paradà di òmíràn. Ó dùn létí mi. Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí ọ̀kan nínú àwọn tí a jọ ń ṣe iṣẹ́ náà fi bi mí pé, "Ṣé bí àgbọ̀nrín inú ìtàn tí ó bọ́ awọ rẹ̀ sínú igbó, tí ó di arẹwà obìnrin, tí ó wá ná ọjà?" Mo rẹ́rìn-ín, ojú sì tì mí. Ohun tí paradà jẹ́ lójú wa gan-an nìyẹn: ẹni kan ṣoṣo, ní ojú ayé rẹ̀, tí ó bọ́ ìrí kan sílẹ̀ tí ó gbé òmíràn wọ̀, bí Ọya tí ó di ẹfọ̀n. Ẹfolúṣọ̀n kò rí bẹ́ẹ̀. Agbo ni ó ń yí, díẹ̀díẹ̀, láti ìran dé ìran.

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ tí mo fi rọ́pò gbólóhùn burúkú yẹn hàn yín. Ní Òkun Pàsífíìkì, àwọn erékùṣù kan wà tí à ń pè ní Galápagos. Charles Darwin dé ibẹ̀ ní 1835, ọdún 24 kí ó tó tẹ ìwé rẹ̀ lórí ìpilẹ̀ṣẹ̀ irú ẹ̀dá jáde. Àwọn ẹyẹ kéékèèké kan ń gbé ibẹ̀, finch ni wọ́n ń pè wọ́n, wọ́n fi ara jọ ológoṣẹ́. Láti 1973 ni tọkọtaya onímọ̀ kan, Peter àti Rosemary Grant, ti bẹ̀rẹ̀ sí lọ sí Daphne Major, erékùṣù kékeré kan níbẹ̀, tí wọ́n ń mú àwọn ẹyẹ náà, tí wọ́n ń wọn àgógó ẹnu wọn, tí wọ́n sì ń fi òrùka sí wọn lẹ́sẹ̀. Ní 1977, ọ̀dá dá. Àwọn ẹyẹ jẹ hóró wẹ́wẹ́ tán; èyí tí ó kù tóbi, ó sì le. Ẹyẹ tí àgógó rẹ̀ kéré kò lè pa á. Púpọ̀ nínú wọn kú. Àwọn alágògó nínípọn ni ó yè jù, àwọn ni ó bímọ, àwọn ọmọ sì jogún àgógó òbí wọn. Ẹ ṣàkíyèsí pé kò sí ẹyẹ kan tí ebi mú kí àgógó rẹ̀ nípọn sí i. Olúkúlùkù kú pẹ̀lú irú àgógó tí ó jogún. Agbo ni ó yàtọ̀.

Mo pa paradà rẹ́. Mo kọ "ìyípadà ìran-dé-ìran", mo sì fi ẹfolúṣọ̀n tí a yá ṣe àkọlé. Mo fi kún un pé ọ̀bọ òde òní kọ́ ni ó bí wa: àwa àti ìnàkí jọ ní baba ńlá kan tí ó ti kú tipẹ́tipẹ́ ni.

Ọ̀rọ̀ kejì bà mí lẹ́rù ju èyí lọ. Kí ni kí a pe àwọn ohun abẹ̀mí tí wọ́n ń bá ara wọn gùn, tí ọmọ wọn náà ń bímọ, tí wọn kì í sì í bá agbo mìíràn ṣe bẹ́ẹ̀? Ẹ̀yà ni ó kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ẹ̀yà Yorùbá, ẹ̀yà Ìgbò, ẹ̀yà Haúsá ni à ń wí lójoojúmọ́. Bí ọmọ ilé-ìwé bá kà pé ẹ̀yà méjì kì í bímọ fún ara wọn, kí ni yóò gbà pé a sọ? Bẹ́ẹ̀, gbogbo ènìyàn tí ó wà láyé, irú ẹ̀dá kan ṣoṣo ni wá. Ẹyin lohùn, èyí tí ó bá fọ́ sínú ìwé-ìmọ̀ lè ta sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lára kí a tó rí i nù.

Irú ẹ̀dá ni mo wá lò. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé yàrá, tí kì í pa ìpàdé àdúrà jẹ, kà á, ó ní, "Ìwọ tí o ń sọ pé a kò dá wọn, o tún ń pè wọ́n ní ẹ̀dá!" Ó mú mi níbẹ̀. Òótọ́ ni pé inú dá ni ẹ̀dá ti wá. Mo ní n kò sọ ẹni tí ó dá wọn tàbí tí kò dá wọn. Ohun tí wọ́n wọ̀n ní Daphne Major ni mo kọ. A kò parí rẹ̀. A ṣì jọ ń mu gàrí.

Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn jù fún bí irú ẹ̀dá kan ṣe ń di méjì kò jìnnà sí wa. Yànmùyánmú tí ó ń gbé ibà wọlé wa ni. Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti ń pè é ní Anopheles gambiae. Wọ́n wá rí i pé méjì ni wọ́n kó pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan, ní 2013 wọ́n sì sọ ìkejì ní Anopheles coluzzii. Bí ẹ bá gbé méjèèjì sí àtẹ́lẹwọ́, ojú lásán kò lè yà wọ́n. Inú jíìnì ni ìyàtọ̀ wà. Àkọ́kọ́ fẹ́ràn ọ̀gbàrá òjò tí yóò gbẹ láìpẹ́. Èkejì lè yé sí omi tí ó pẹ́ nílẹ̀, bí ti oko ìrẹsì. Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn akọ bá ń jó lójú òfuurufú, tí àwọn abo ń wá ọkọ, olúkúlùkù sábà máa ń lọ sí agbo tirẹ̀. Síbẹ̀ wọ́n máa ń ṣèèṣì bá ara wọn gùn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyapa náà ń lọ lọ́wọ́ lójú wa.

Níbí ni ẹ̀kọ́ tiwa ti gbà mí. Ta ni ó lè tọ́ka sí ọjọ́ tí Ìṣẹ̀kírì ya kúrò lára Yorùbá? Ọ̀kan ni èdè tí ó bí Yorùbá, Ìṣẹ̀kírì àti Igala nígbà kan. Kò sí ìyá tí ó fi Yorùbá sùn tí ó fi Ìṣẹ̀kírì jí. Àwọn ènìyàn jìnnà síra, ọ̀rọ̀ ń yẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí wọn kò fi gbọ́ ara wọn mọ́. Ẹyẹ náà ní ohùn tí ó fi ń mọ ará ilé. Ní 1981, akọ ẹyẹ kan fò wá sí Daphne Major láti erékùṣù Española, tí ó jìnnà ju kìlómítà 100 lọ. Orin rẹ̀ ṣàjèjì. Ó bá abo ibẹ̀ gùn, àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ kọ́ orin baba wọn, lẹ́yìn ìran díẹ̀ àwọn àtọmọdọ́mọ rẹ̀ kò fẹ́ ẹlòmíràn mọ́ àfi ara wọn. Àfiwé yìí ń jò níbì kan, mo sì kọ ọ́ síbẹ̀: èdè lè yá ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ èdè tí kò bá a tan, bí a ti gba àlùbọ́sà lọ́wọ́ Haúsá, ẹyẹ kò lè yá eyín lọ́wọ́ àdán.

Nígbà ìsinmi, àbúrò mi kà á lórí fóònù mi. Ó pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ̀fọn kejì yìí ńkọ́, kí ni Yorùbá ń pè é?" Mo ní yànmùyánmú ni à ń pe àwọn méjèèjì. Ó ní kí n wá orúkọ fún un. N kò tíì rí i.