Ọmọ ọwọ́ lójú ewé àkọ́kọ́: ẹjọ́ tó da Niamey rú àti àwọn akọ̀ròyìn tó gbé e kiri

Oṣù Kẹfà ọdún 2014 ni ọ̀rọ̀ náà tú síta ní Niamey. Agbófinró kó èèyàn 17, obìnrin ni 12 nínú wọn. Wọ́n ní ṣe ni wọ́n lọ ra ọmọ ọwọ́ ní Nàìjíríà, tí wọ́n gba Benin gbé wọn wọ Niger, tí wọ́n sì ń pè wọ́n ní ọmọ bíbí inú wọn. Ìyàwó Hama Amadou wà lára àwọn tí wọ́n mú. Hama yìí ni olórí ilé aṣòfin nígbà náà, kò sì sí ẹni tí kò mọ̀ nílùú pé ó ń gbára dì láti bá Ààrẹ Mahamadou Issoufou du ipò nínú ìdìbò 2016. Ìwé ìròyìn wo ló máa rí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tí kò ní gbé e? Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ni bébés importés. Faransé ni. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún ìrẹsì àti mọ́tò tó bá ọkọ̀ ojú omi wọlé ni wọ́n wá ń lò fún ọmọ tí kò tíì lè dá jókòó.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ ṣe ń tàn ní Niamey, kó má wulẹ̀ lọ máa wo ibi tí wọ́n ti ń ta ìwé ìròyìn. Ẹ̀dà tí wọ́n ń tẹ̀ kò pọ̀, Faransé ni wọ́n fi ń kọ ọ́, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ní Niger ni kò sì mọ̀wé kà. Orí rédíò ló ti ń gba ẹsẹ̀. Àwọn iléeṣẹ́ rédíò aládàáni a máa túmọ̀ ohun tó wà nínú ìwé ìròyìn sí Haúsá àti Zarma fún aráàlú. Tó bá di alẹ́, ó ti dé fada nìyẹn, ibi tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin máa ń jókòó sí lẹ́nu ọ̀nà ilé, tí wọ́n á gbé tíì ka iná èédú, tí wọ́n á máa dà á láti òkè sínú ife kékeré títí yóò fi hó. Ife àkọ́kọ́ a máa korò, ìkejì á rọjú díẹ̀, ìkẹta á dùn. Kí wọ́n tó mu ìkẹta tán, wọ́n ti dá ẹjọ́ tí adájọ́ kò tíì gbọ́.

Ohun kan sì máa ń já bọ́ lójú ọ̀nà. Akọ̀ròyìn tó ń kọ Faransé, tí ẹ̀rí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì dájú, kì í kọ "a acheté", ìyẹn "ó rà á". "Aurait acheté" ló máa kọ, èyí tó jẹ́ "wọ́n ní ó rà á". Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ló máa gbà á sílẹ̀ níwájú adájọ́. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti túmọ̀ rẹ̀ lórí rédíò, tí ẹnìkan tún un sọ ní fada, tí ẹlòmíì gbé e dé ọjà, "wọ́n ní" ti bọ́ sọnù, "ó rà á" ló ṣẹ́kù. Mi ò rò pé akọ̀ròyìn tó mọ̀ pé báyìí ni ọ̀rọ̀ òun ṣe máa tàn lè sá pamọ́ sẹ́yìn "wọ́n ní". Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé agbẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ilé ẹjọ́ kan ní Niamey gan-an dá ọwọ́ dúró ní oṣù Kìíní ọdún 2015, ó ní ẹjọ́ náà kò tíì yẹ fún òun láti dá. Àwọn ìwé ìròyìn ti dá tiwọn ní oṣù méje ṣáájú.

Hama kò jẹ́ àjèjì sí iṣẹ́ ìròyìn. Ó ti ṣe ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ìjọba rí. Ìgbà tó di olórí ìjọba láti ọdún 2000 sí 2007 ni ọ̀rọ̀ òun àti àwọn akọ̀ròyìn wọ̀ sára. Nígbà yẹn, ìwé ìròyìn aládàáni kò tíì pẹ́ ní Niger: ọdún 1990 ni Haské, àkọ́kọ́ nínú wọn, bẹ̀rẹ̀, orúkọ tó túmọ̀ sí ìmọ́lẹ̀ ní Haúsá. Lọ́dún 2002, wọ́n sọ Abdoulaye Tiémogo, olóòtú Le Canard Déchaîné, ìwé ìròyìn tó máa ń fi àwọn alágbára ṣe ẹ̀fẹ̀, sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́jọ nítorí ohun tó kọ nípa Hama. Lọ́dún 2006, ó kan Mamane Abou, tó ni Le Républicain, àti olóòtú rẹ̀ Oumar Keita. Wọ́n kọ ọ́ pé Hama ń kẹ̀yìn sí àwọn òyìnbó, ó ń wá ojúure Iran. Ẹ̀wọ̀n oṣù 18 ni ilé ẹjọ́ dá fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn, kí wọ́n tó tú wọn sílẹ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti ọdún 2003. Mamane Abou yìí kan náà ni. Ohun tó gbé jáde nígbà yẹn kì í ṣe àheso: ìwé ìṣirò owó ni, tó ń fi hàn bí owó ṣe ń jáde nínú àpò ìjọba láìgba ọ̀nà tó yẹ. Wọ́n mú un ní oṣù Kọkànlá, wọ́n fẹ̀sùn ìbanilórúkọjẹ́ kàn án, wọ́n dá ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà fún un. Ṣé ẹ rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wọ́? Ẹni tó fi ìwé sílẹ̀ fún gbogbo ayé láti yẹ̀ wò àti ẹni tó gbọ́ òfófó lálẹ́ tó tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀, ẹ̀wọ̀n kan náà ni wọ́n ń lọ. Olóòtú tó bá wo èyí, kí ló máa kọ́ nínú rẹ̀? Á mọ̀ pé wàhálà wíwá ẹ̀rí kò gbà á lọ́wọ́ ohunkóhun. Òfófó kò náni lówó, ó sì yára tà.

Ìyẹn ló mú kí òfin tí wọ́n ṣe ní oṣù Kẹfà ọdún 2010 ṣe pàtàkì. Ìjọba ológun ìgbà náà, èyí tó gbàjọba lọ́wọ́ Ààrẹ Mamadou Tandja, ló ṣe é, pé akọ̀ròyìn kò ní lọ sẹ́wọ̀n mọ́ nítorí ohun tó kọ. Owó ìtanràn ló máa san. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 2011, Issoufou buwọ́ lu Ìkéde Table Mountain, tí ń pè fún fífagi lé ẹ̀wọ̀n fún ìbanilórúkọjẹ́. Òun ni Ààrẹ àkọ́kọ́ tó buwọ́ lù ú ní gbogbo Áfíríkà.

Àwọn kan á sọ pé ẹ̀wọ̀n tọ́ sí akọ̀ròyìn tó bá ṣe láburú, wọ́n á sì tọ́ka sí Lọ́ńdọ̀nù. Òótọ́ ni pé ìwé ìròyìn News of the World, tó ti wà láti ọdún 1843, kógbá sílé ní oṣù Keje ọdún 2011. Ohun tó pa á ni pé àwọn èèyàn rẹ̀ yọ́ gbọ́ ìsọfúnni orí fóònù ọmọdébìnrin ọlọ́dún 13 kan tí wọ́n jí gbé tí wọ́n sì pa, nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ ṣì ń wá a. Olóòtú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, Andy Coulson, gba ẹ̀wọ̀n oṣù 18 ní oṣù Keje ọdún 2014, bí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ọwọ́ ṣe ń gbóná ní Niamey. Iye oṣù kan náà ni wọ́n dá fún Abou àti Keita. Ṣùgbọ́n Coulson ń ṣẹ̀wọ̀n nítorí pé iléeṣẹ́ rẹ̀ yọ́ gbọ́ ohun tó wà lórí fóònù àwọn èèyàn. Ní Niger, ìjọba ló ń yọ́ gbọ́ fóònù akọ̀ròyìn: ọ̀rọ̀ tí Moussa Kaka ti Rédíò Saraounia bá àwọn ọlọ̀tẹ̀ Tuareg sọ lórí fóònù ni wọ́n fi mú un ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2007, ó sì lé ní ọdún kan kó tó jáde. Ọ̀nà wo ni akọ̀ròyìn ì bá tún gbà mọ ohun tó wà lọ́kàn ọlọ̀tẹ̀ bí kò bá bá a sọ̀rọ̀?

Ọ̀nà ẹ̀yìn ni ẹ̀wọ̀n gbà padà wọlé. Òfin ọdún 2010 dáàbò bo ìwé ìròyìn, òfin ọdún 2019 lórí ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì sì wá mú ohun tí èèyàn bá gbé sórí Facebook. Samira Sabou wà lára àwọn akọ̀ròyìn tó fojú winá rẹ̀. Ọmọ Ààrẹ Issoufou fẹjọ́ rẹ̀ sùn, wọ́n tì í mọ́lé láti ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà ọdún 2020 títí di ọjọ́ 28 oṣù Keje, kí ilé ẹjọ́ tó ní kò jẹ̀bi. Ní oṣù Kìíní ọdún 2022, wọ́n tún dá òun àti Moussa Aksar ti L'Évènement lẹ́bi, torí pé wọ́n pín àbọ̀ ìwádìí kan nípa egbòogi olóró. Lẹ́yìn èyí, ìjọba mú ẹ̀wọ̀n kúrò nínú òfin náà lọ́dún 2022. Àwọn ológun tó gbàjọba ní oṣù Keje ọdún 2023 dá a padà ní oṣù Kẹfà ọdún 2024: ọdún kan sí mẹ́ta fún ìbanilórúkọjẹ́, méjì sí márùn-ún fún ohunkóhun tó bá lè da ìlú rú. Ní oṣù Kẹrin ọdún yẹn, wọ́n ti mú Soumana Maïga, ọ̀gá L'Enquêteur, nítorí ìròyìn pé àwọn ará Rọ́ṣíà fẹ́ gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ sínú àwọn ilé ìjọba ní Niamey. Oṣù Keje ló tó jáde.

Ní ti ẹjọ́ àwọn ọmọ ọwọ́, ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 2017 ni wọ́n tó dá Hama lẹ́bi lẹ́yìn rẹ̀: ẹ̀wọ̀n ọdún kan. Títí tó fi kú ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024 ló ń sọ pé òṣèlú ni wọ́n fi ṣe òun. Àwọn alátìlẹ́yìn ìjọba ní ọ̀daràn ni. Ìyá tó bí àwọn ọmọ náà, ẹ̀yin ẹ wo gbogbo ariwo yìí, ta ló wá a lọ sí Nàìjíríà láti bi í léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i? Ká ní mo jẹ́ olóòtú ní Niamey lọ́dún 2014, ibẹ̀ ni ǹ bá rán akọ̀ròyìn mi lọ, kì í ṣe ẹnu ọ̀nà ilé Hama. Àwọn ọmọ náà ti lé ní ọmọ ọdún mẹ́wàá báyìí. Ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n kọ nígbà náà ṣì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ti tó ẹni tó lè kà á fúnra wọn.