Mọ́tò Àlòkù fún Ọmọ Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Gba Ìwé Ìwakọ̀: Kí Ló Yẹ Ká Kọ́kọ́ Tún Ṣe?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí kò jìnnà sí ilé ẹnikẹ́ni nínú wa. Ọmọ ti pé ọdún 18 tàbí 19, ó ti kọ́ ọkọ̀, òbí sì fẹ́ ra mọ́tò àlòkù tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n, kí ọmọ lè máa kó tòmátì, ẹ̀gẹ́ tàbí gàárì láti oko wá sí Bódìjà, kó sì máa gbé ìyá rẹ̀ lọ sọ́jà. Ohun tó dára ni. Ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo, lítà bẹntiróòlù kan tí kò tó 200 náírà fò dé nǹkan bí 500 náírà láàárín ọjọ́ díẹ̀. Láti ìgbà náà ni owó tí à ń san fún ọlọ́kọ̀ ẹrù ti ń jẹ èrè wa. Kò yani lẹ́nu pé ẹni tó bá lágbára rẹ̀ fẹ́ ní tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń rò pé ọjọ́ tí a bá sanwó mọ́tò ni ìnáwó parí. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Ọjọ́ náà gan-an ló bẹ̀rẹ̀. Mọ́tò tí wọ́n tà ní pọ́ọ́kú, ó nídìí tí wọ́n fi tà á ní pọ́ọ́kú. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé nínú ọ̀rọ̀ yìí kò ju ẹyọ kan lọ: ohun tó ń dá mọ́tò dúró ni ká kọ́kọ́ tún ṣe, kó tó kan ohun tó ń mú un sáré, kó tó wá kan ohun tó ń mú un dán.

KÍ A TÓ SANWÓ

Ẹ má kó gbogbo owó lé mọ́tò lórí. Ìmọ̀ràn wa ni pé nínú náírà 4 tí ẹ bá ní, kí ẹ fi 1 pamọ́ fún àtúnṣe. Bí owó yín bá jẹ́ mílíọ̀nù 2, mọ́tò mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ ni kí ẹ máa wá.

Mẹkáníìkì tí ẹ ó mú lọ wò ó, kí ó jẹ́ tiyín, kì í ṣe ti ẹni tó fẹ́ tà á. Kó wo nọ́ńbà ṣásíìsì tó wà lára mọ́tò, kó fi wé èyí tó wà nínú ìwé. Lẹ́tà àti fígọ̀ rẹ̀ jẹ́ 17 lára ọ̀pọ̀ mọ́tò ìgbàlódé. Bí ẹyọ kan péré bá yàtọ̀, ẹ máa lọ sílé yín. Kó ṣí kápẹ́ẹ̀tì, kó wo abẹ́ rẹ̀ bóyá wọ́n ti jó irin mọ́ irin níbẹ̀, nítorí mọ́tò tó ti fi orí sọ nǹkan rí lè gba ọ̀dà tuntun, kó sì máa dán bí idẹ.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í bèèrè. Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972 ni Nàìjíríà kúrò lápá òsì ọ̀nà bọ́ sí apá ọ̀tún. Ṣùgbọ́n apá òsì ni wọ́n ṣì ń gbà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Japan, ọwọ́ ọ̀tún sì ni sítíárìn mọ́tò wọn wà. Àwọn kan máa ń gbé irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ wá, wọ́n á gé e, wọ́n á sì yí sítíárìn rẹ̀ sí òsì. Bí wọn kò bá jó o dáadáa, sítíárìn náà lè yọ lọ́wọ́ awakọ̀ lójú ọ̀nà. Ẹ wo wáípà rẹ̀: bí ó bá ń nu iwájú èrò ju iwájú awakọ̀ lọ, ẹ fura. Iná iwájú irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú, apá òsì ló ń tàn sí, ojú ẹni tó ń bọ̀ níwájú ló sì máa ń lọ tààrà. Mọ́tò bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti ọmọdé.

BÍRÉÈKÌ NI ÀKỌ́KỌ́

Ẹ gbọ́ ìṣirò yìí. Mọ́tò tó bá ń sá 80 kìlómítà ní wákàtí kan, mítà 22 ló ń lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Kí ọmọ tó rí ewúrẹ́ tó já lu títì ní Lálùpọn, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó dé orí bíréèkì, mọ́tò ti kọjá iwájú ilé méjì. Bí eré bá sì di ìlọ́po méjì, ibi tí bíréèkì yóò fà á dé kó tó dúró kì í ṣe ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni. Ìyẹn bí bíréèkì bá dára o.

Àyẹ̀wò kan wà tí kò gba owó. Ẹ pa mọ́tò, kí ẹ tẹ bíréèkì bí ìgbà mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí ẹ wá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gírígírí. Bí ó bá ń rì lọ díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, yálà ọ́ìlì ń jò níbì kan tàbí másítà rẹ̀ ti kú. Ẹ má gbé ẹsẹ̀ kúrò, kí ẹ tan mọ́tò. Ó yẹ kí bíréèkì rọlẹ̀ díẹ̀ bí ẹ́ńjìnnì bá ti dáhùn. Bí kò bá mira rárá, ohun tó ń ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́ kò ṣiṣẹ́ mọ́, agbára ọmọ ọdún 18 lè má tó o láti dá mọ́tò dúró.

Ọ́ìlì bíréèkì máa ń fa omi mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́. Bó bá ti pẹ́, omi inú rẹ̀ á hó nígbà tí bíréèkì bá gbóná, bíréèkì á sì wọlẹ̀ láìdá nǹkan kan dúró. Nítorí náà, bí ẹ kò bá mọ ìgbà tí wọ́n yí i kẹ́yìn, ẹ yí i lọ́jọ́ tí ẹ ra mọ́tò, kí ẹ sì máa yí i lọ́dún méjì méjì. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bu ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tàbí omi ọṣẹ sí i. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì máa ń mú kí rọ́bà inú bíréèkì wú, kó sì bà jẹ́. Bí ẹ bá lọ ra páàdì ní ọjà páàtì ní Gate, ẹ mú èyí tí ẹ tú sílẹ̀ dání, kí ẹ fi wọ́n wéra.

TÁYÀ: Ẹ WO ỌJỌ́ ORÍ RẸ̀

A kì í fi dídán ojú mọ ọjọ́ orí táyà. Lára rẹ̀, níbi tí wọ́n kọ DOT sí, fígọ̀ mẹ́rin wà nípárí. Bí ó bá jẹ́ 3523, ọ̀sẹ̀ 35 ọdún 2023 ni wọ́n ṣe é. Ẹ̀ṣọ́ ojú pópó FRSC máa ń gba awakọ̀ níyànjú pé kí táyà má ju ọdún mẹ́rin lọ. Òòrùn ilẹ̀ wa kì í jẹ́ kí rọ́bà pẹ́: á gbẹ, á sán, síbẹ̀ ojú rẹ̀ á ṣì ga.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí ojú táyà bá ti jẹ kọjá mílímítà 1.6, òfin ní kí wọ́n bọ́ ọ sọnù. Ẹ wá ro irú táyà tí àwọn tó wà lábẹ́ òfin bẹ́ẹ̀ máa ń jọ̀wọ́ fún ẹni tó ń kó tòkunbọ̀ wá sọ́dọ̀ wa. Bí owó bá kéré, ó sàn kí ẹ ra tuntun méjì lónìí ju kí ẹ ra tòkunbọ̀ mẹ́rin lọ. Bí ó bá sì jẹ́ méjì péré, ẹ̀yìn ni kí ẹ fi tuntun sí. Iwájú ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi sí, ṣùgbọ́n bí ìdí mọ́tò bá yọ̀ lórí títì tó tutù, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wakọ̀ kò ní lè kó o jọ.

Àárọ̀, kí mọ́tò tó rìn, ni kí ẹ wọn afẹ́fẹ́ táyà. Iye tó yẹ máa ń wà lára férémù ilẹ̀kùn awakọ̀. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó á máa tẹ̀ lábẹ́ ẹrù, á gbóná, á sì bẹ́. Ẹ má gbàgbé pé ènìyàn márùn-ún àti ẹrù díẹ̀ ni wọ́n ṣe mọ́tò kékeré fún. Ẹni tó bá di àpò ẹ̀gẹ́ kún búùtù títí ìdí fi wọlẹ̀, ojú ọ̀run ni iná iwájú rẹ̀ ń tàn sí.

ÀWỌN YÒÓKÙ TÓ TẸ̀ LÉ E

Sítíárìn àti ẹsẹ̀ mọ́tò: ọ̀nà oko wa kò rọrùn. Láti Àkànrán sí abúlé, láti Ìjàyè sí Mọ́níyà, ihò ló ń pa bọ́ọ̀lù jọ́ìntì àti ṣọ́ọ̀kì. Ẹ gbé táyà iwájú kúrò nílẹ̀ pẹ̀lú jáàkì, kí ẹ gbé nǹkan tì í lábẹ́ dáadáa, kí mẹkáníìkì wá mì í lókè nísàlẹ̀. Bó bá ń mì gbọn-in gbọn-in, ẹ pààrọ̀ ohun tó ti jẹ.

Iná: ẹ pe ríwáyà kó tún iná bíréèkì, tráfíkétọ̀ àti iná ẹ̀yìn ṣe. Ẹni tí kò rí yín ló ń gbá yín.

Bẹ́líìtì ìjókòó: ẹ fà á lójijì. Bí kò bá gán, kò wúlò. Bẹ́líìtì tó ti já tàbí tí wọ́n rán, ẹ bọ́ ọ.

Àpò afẹ́fẹ́ inú sítíárìn: bí ẹ bá ṣí kọ́kọ́rọ́, iná rẹ̀ á tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, á sì kú. Bí kò bá tàn rárá, bóyá wọ́n ti yọ gílóòbù rẹ̀ kí ẹ má baà mọ̀ pé àpò náà ti tú. Àwọn kan tún wà tí ilé iṣẹ́ Takata ti Japan ṣe, tí wọ́n máa ń bú gbàmù tí irin inú wọn á sì fọ́ lu awakọ̀. Ooru àti ọ̀rinrin ló ń bà wọ́n jẹ́, ilẹ̀ ooru la sì wà. Ní 2016, ìjọba Amẹ́ríkà kìlọ̀ pé ti àwọn Honda kan tí wọ́n ṣe láàárín 2001 sí 2003 ló léwu jù. Nọ́ńbà ṣásíìsì ni ẹ ó fi bèèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó ṣe mọ́tò.

Ẹ́ńjìnnì: ẹ yí ọ́ìlì rẹ̀, kí ẹ rí i pé rédíétọ̀ kò jò, pé fáànù ń yí, pé géèjì ooru ń ṣiṣẹ́. Ó tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ kìlọ̀ fún ọmọ pé kò gbọdọ̀ ṣí rédíétọ̀ tó gbóná. Ọ̀dà, rédíò olóhùn gbọ̀ngbọ̀n àti ríìmù tó ń dán, ẹ jẹ́ kí wọ́n dúró de èrè ọdún tó ń bọ̀.

ỌMỌ FÚNRA RẸ̀ ŃKỌ́?

Ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì ní gbogbo ọjọ́ tí wọ́n bá ń tún mọ́tò náà ṣe. Kó fọwọ́ ara rẹ̀ tú táyà, kó mọ ibi tí wọ́n ń bu ọ́ìlì bíréèkì sí. Ọmọ tó bá fi gírísì pa ọwọ́ kì í fi mọ́tò ṣeré.

Òfin kò gba ọmọ tí kò pé ọdún 18 láyè láti ní ìwé ìwakọ̀. Kó lọ síléèwé ìwakọ̀, kó sì ṣe ìdánwò. Ẹ má ra ìwé fún un. Ìwé ọkọ̀ ti ara ẹni kì í sì í ṣe ìwé ìfọkọ̀ kérò. Ẹ tún ra ìwé adójútòfò tòótọ́: láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2023, owó èyí tí òfin fi dandan lé, ti mọ́tò ara ẹni, ti kúrò ní 5,000 di 15,000 náírà. Ayédèrú ìwé kò lè san gbèsè fún ẹni tí ọmọ yín bá gbá.

Ní oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, kó má wakọ̀ lóru, kó má kó ọ̀rẹ́ jọ sínú ọkọ̀, kí àgbà kan sì jókòó tì í lójú ọ̀nà márosẹ̀ Ìbàdàn sí Ifẹ̀ àti Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́. Ọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà wọ̀nyí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ká ìpínlẹ̀ wa lára. Ní 1977 ni ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tirẹ̀ sílẹ̀, ọdún 11 kí ìjọba àpapọ̀ tó dá FRSC sílẹ̀ ní 1988.

Ọ̀RỌ̀ ÀYÁLÒ

Ọdún 1937 ni àwọn àgbẹ̀ kòkó Gbẹ́dun, nítòsí Ìbàdàn níbí, forúkọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Láti ìgbà náà, onígbọ̀wọ́ ni òpó ẹgbẹ́ bíi tiwa. Bí mọ́tò tí a fi owó àyálò rà bá ré sínú gọ́tà ní Aṣèjírẹ, gbèsè kò bá a ré sí gọ́tà. Òbí ọmọ á san án, tàbí kí àwọn tó fọwọ́ sí ìwé fún un san án. Àwọn àgbà ní ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbèje. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ yá owó mọ́tò, kó kọ owó bíréèkì àti táyà mọ́ iye tó fẹ́ yá láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá sì bẹ̀ pé kó ṣe onígbọ̀wọ́, kó kọ́kọ́ béèrè pé: “Ẹ̀gbọ́n, èló lẹ yà sọ́tọ̀ fún bíréèkì?” Ìbéèrè yẹn kì í ṣe àrífín. Owó rẹ̀ ló ń bèèrè, ọmọ ọlọ́mọ ló sì ń bèèrè pẹ̀lú.

Owó tó bá sọnù, a ó tún ṣiṣẹ́ rí i. Ọmọ kò ní páàrọ̀ ní ọjà páàtì. Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà.