Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ẹran Iléyá àti ẹnu ajá

Bí wọ́n bá ti kírun Iléyá tán ní Ìwó, tí àgbò sì dé ilẹ̀, ológbò àdúgbò kò nílò ìpè. Ajá náà á ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Kò burú kí wọ́n jẹ nínú ọdún, àmọ́ kì í ṣe ohun gbogbo.

Egungun tí a ti sè tàbí tí a dín máa ń fọ́ ṣóńṣó. Ó lè há wọn lọ́fun, ó sì lè gún ìfun. Àlùbọ́sà àti ááyù inú ọbẹ̀ ń ba ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́, ti ológbò ló burú jù. Ẹ gé ẹran tí kò lọ́ràá sọ́tọ̀ kí iyọ̀ àti ata tó kàn án, ẹ fi omi lásán bọ̀ ọ́.

Èyí tó ń kọ mí lóminú jù ni ẹ̀dọ̀ àti fùkù tútù. Tí alápatà bá rí àpò omi lára rẹ̀, ajá la sábà máa ń jù ú sí. Ọmọ aràn lè wà nínú àpò yẹn. Á dàgbà sínú ìfun ajá, ẹyin rẹ̀ á bá ìgbẹ́ jáde, ọwọ́ ọmọdé tó ń bá ajá ṣeré ló kù tí yóò dé. Ẹ sun ẹ̀dọ̀ tàbí fùkù bẹ́ẹ̀, tàbí kí ẹ rì í mọ́lẹ̀ jìnnà.

Ìwó ilé odídẹrẹ́, ẹ gbọ́ ti ẹyẹ náà: píà lè pa á. Ṣokoléètì àwọn ọmọ ńkọ́? Kò gbọ́dọ̀ dé ẹnu ajá.

Bí ajá tàbí ológbò bá ń bì léraléra, dókítà ẹran ni kí ẹ pè. Ẹ má rọ epo pupa sí i lẹ́nu. Ó lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ.