Ẹ̀jẹ̀ tó ń pa àwọn ìyálọ́mọ: Náílọ́ọ̀nù kan ti tú àṣírí ẹ̀ o!

Tí obìnrin bá ti lóyún, àdúrà tí gbogbo wa máa ń ṣe fún un ni pé a óò gbóhùn ìyá, a óò gbóhùn ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìgbà mìíràn wà tó jẹ́ ohùn ọmọ nìkan la máa ń gbọ́. Ọmọ á ti ké, wọ́n á ti tẹ bàbá ọmọ láago, àwọn ará ilé á ti máa jó, kí wọ́n sì tó bojú wẹ̀yìn, ìyá ọmọ ti dákẹ́. Wọ́n á ní àwọn ayé ni. Wọ́n á ní orogún ẹ̀ ni, tàbí ìyá ọkọ ẹ̀ tí kò fẹ́ràn ẹ̀ látilẹ̀. Àwọn ìyá ọkọ ti jẹ ẹ̀bi ọlọ́ràn nílẹ̀ yìí o!

Ẹ̀jẹ̀ làwọn dókítà ń pè é ní tiwọn. Ẹ̀jẹ̀ tó ń dà lẹ́yìn tọ́mọ ti jáde ló ń pa àwọn ìyálọ́mọ jù lọ láyé, WHO, ìyẹn àjọ ìlera àgbáyé, sì ní bíi 70,000 obìnrin ló ń bá a lọ lọ́dọọdún. Ní Nàìjíríà, ìṣirò àjọ yìí kan náà ni pé bíi 75,000 obìnrin ni oyún àti ìbímọ pa lọ́dún 2023, tí a bá ka gbogbo ohun tó ń pa wọ́n pọ̀. Kò sí orílẹ̀-èdè mìíràn tí tiẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tó ń dunni níbẹ̀ ni pé oògùn ẹ̀ wà. Wọn kì í tètè mọ̀ ni. Ojú lásán ni wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ náà láti ọjọ́ yìí. Díẹ̀ ti rin aṣọ, díẹ̀ ti dà sílẹ̀, díẹ̀ ti dàpọ̀ mọ́ omi, nọ́ọ̀sì á wò ó, á ní kò tíì pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ìdajì lítà, ìyẹn omi inú píọ̀ wọ́tà kan péré, ti tó ohun tí èèyàn ń fi ariwo bọnu.

Ibẹ̀ ni náílọ́ọ̀nù tí à ń wí yìí ti wọlé. Abẹ́ ìdí obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni wọ́n ń tẹ́ ẹ sí, ìsàlẹ̀ ẹ̀ rí bí àpò, wọ́n sì fàlà sí i lára bíi ti ife ìwọnǹkan. Ẹ̀jẹ̀ á máa ro síbẹ̀, gbogbo ẹni tó wà ní yàrá á rí ibi tó dé. Kò lo iná, NEPA ò lè mú un.

Àwọn onímọ̀ ìṣègùn láti Yunifásítì Birmingham, ní England, pẹ̀lú àwọn tiwa bíi Ọ̀jọ̀gbọ́n Hadiza Galadanci ti Kánò, dán an wò ní bíi ọsibítù 80 ní Nàìjíríà, Kenya, Tanzania àti South Africa. Ó lé ní 210,000 obìnrin tó bímọ níbẹ̀. Nígbà tí èsì jáde lóṣù karùn-ún, 2023, ó ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu. Níbi tí wọ́n ti ń fojú wọ̀n ọ́n, ìdajì péré nínú àwọn tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára wọn ni wọ́n rí. Níbi tí náílọ́ọ̀nù wà, 93 nínú 100 ni. Àwọn tí tiwọn wá burú jáì sì dín kù ní 60 nínú 100.

Àmọ́ náílọ́ọ̀nù nìkan kọ́ ló ṣe é. Tẹ́lẹ̀, wọ́n á gún abẹ́rẹ́ kan, wọ́n á dúró wò ó ná, kí wọ́n tó gbìyànjú òmíràn. Ní báyìí, tí ẹ̀jẹ̀ bá ti dójú ìlà, ẹ̀ẹ̀kan náà ni: wọ́n á máa fọwọ́ ra ikùn ẹ̀, wọ́n á gún abẹ́rẹ́ tó ń mú ilé ọmọ sún kì àti èyí tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, wọ́n á fa omi sí i lára, wọ́n á sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó fàya níbì kan.

Ọsibítù tí wọ́n ti lè ṣiṣẹ́ abẹ ni wọ́n ti dán gbogbo èyí wò o. Obìnrin tó wà lábúlé ńkọ́? Ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tọdún 2018 fi hàn pé 39 péré nínú 100 ọmọ ni wọ́n bí sílé ìtọ́jú, ilé ni wọ́n bí èyí tó pọ̀ jù nínú ìyókù sí. Àwọn tó dé sẹ́ńtà ìlera ìjọba ìbílẹ̀ pàápàá, inú fìríìjì ló yẹ kí abẹ́rẹ́ Oxytocin máa wà, ẹ̀yin náà sì mọ bí iná ṣe ń ṣe. Tó bá gbóná pẹ́, agbára ẹ̀ á lọ, nọ́ọ̀sì á gún un, ẹ̀jẹ̀ ò sì ní dúró. Oògùn oníhóró kan wà tí wọ́n ń pè ní misoprostol, tí kò nílò fìríìjì. Nàìjíríà ti fọwọ́ sí i fún irú ẹ̀jẹ̀ yìí láti ọdún 2006. Ó yẹ kó ti dé gbogbo abúlé báyìí, àbí kò yẹ?

Ẹ̀yin bàbá ọmọ, tí ẹ bá sin ìyàwó yín lọ síbi àyẹ̀wò oyún, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ní náílọ́ọ̀nù náà, ẹ bi wọ́n ibi tí wọ́n ti máa rí ẹ̀jẹ̀ fún un bó bá di dandan, kẹ́ ẹ sì ti mọ ọkọ̀ tó máa gbé e lóru. Tó bá jẹ́ ilé agbẹ̀bí ló bí sí, tí aṣọ rin gbindin, ẹ má gbàdúrà tán kẹ́ ẹ tó wá ọkọ̀, inú ọkọ̀ ni kẹ́ ẹ ti máa gbà á lọ. Nọ́ọ̀sì tó bá sì ní òun ò gbọ́ nípa náílọ́ọ̀nù yìí rí, ẹ sọ fún un pé WHO ti fọwọ́ sí i láti ìparí ọdún 2023.