Níbi Tí Odó Ti Ń Dún: Ilé Oúnjẹ Láti Sábẹ̀ Dé Àjàṣẹ́

Nígbà tí àlejò pàtàkì bá wọ ìlú wa, ilé ìtura ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń mú un lọ. Níbẹ̀ ni wọn yóò ti gbé àdìẹ inú yìnyín tí ọkọ̀ ojú omi kó dé àti pọ̀tétò díndín sí iwájú rẹ̀. Àlejò náà yóò jẹ, yóò dúpẹ́, yóò sì padà sí ilé rẹ̀ láì mọ̀ bóyá ilẹ̀ Yorùbá ni òun dé tàbí ibòmíràn. Ìtìjú ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. A ti gbà lọ́kàn ara wa pé oúnjẹ tí a ń jẹ lórí bẹ́ǹṣì lẹ́bàá títì kò yẹ ẹni tí a bọ̀wọ̀ fún. Èrò tèmi yàtọ̀. Ẹni tí ó bá ń wá oúnjẹ tí kò ní gbàgbé láàárín Sábẹ̀ àti Àjàṣẹ́, kí ó wá ibi tí odó ti ń dún àti ibi tí ọkọ̀ ẹja ti ń gúnlẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ilé oúnjẹ wọ̀nyí kò ní orúkọ lára ògiri. Orúkọ ìyá olóúnjẹ, tàbí igi tí ó wà níwájú ilé, ni àwọn oníbàárà fi ń júwe wọn.

Ìdáàṣà ni kí á ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀nà tí ó ti Kútọnu gòkè wá ti pín sí méjì. Ọ̀kan gba Glazoué àti Sábẹ̀ kọjá lọ sí Parakou. Èkejì doríkọ Savalou àti Djougou. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ló máa ń dúró níbẹ̀ kí èrò lè jẹun, kí wọ́n sì tó sọ̀kalẹ̀ tán ni ìró odó ti wọ̀ wọ́n létí. Igname pilée ni pátákó máa ń kọ, ṣùgbọ́n iyán ni a ń pè é, iyán náà sì ni kí ẹ béèrè. (Bí ẹ bá ré kọjá sí Togo, fùfú ni wọn yóò pe iyán kan náà; ọmọ Èkó tí ó gbọ́ fùfú, tí ó sì ti ń ro ẹ̀gẹ́, ẹnu yóò yà á nígbà tí àwo bá dé.)

Ẹ wo bí wọ́n ti ń gún un kí ẹ tó jókòó. Ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta ló máa ń yí odó kan ká. Ọmọ odó kan ń gòkè, òmíràn ń sọ̀kalẹ̀, kò sì sí èyí tí ó kọ lu èkejì. Gbígbóná ni iṣu ń ti inú ìkòkò bọ́ sínú odó, nítorí iṣu tí ó bá ti tutù kì í fà mọ́. Wọn á kọ́kọ́ rún un títí kókó yóò fi tán, lẹ́yìn náà ni wọn yóò wá máa fi agbára gún un, tí wọn yóò máa ta omi gbígbóná sí i díẹ̀díẹ̀. Etí ni àgbà olóúnjẹ fi ń mọ̀ pé iyán ti tó kó: ìró náà kò ní gbẹ mọ́, yóò rọ̀, ọmọ odó yóò sì máa lẹ̀ mọ́ iyán bí wọ́n ti ń fà á sókè.

Iṣu tí wọ́n ń fẹ́ jù fún iṣẹ́ yìí ni Laboko. Ó tètè ń dé. Láti oṣù keje tàbí oṣù kẹjọ ni àgbẹ̀ ti ń wà á, tí yóò sì fi gbòǹgbò rẹ̀ sílẹ̀ nínú ebè kí ó lè tún ta iṣu kékeré tí a ó fi ṣe irúgbìn. Kokoro ni ti èlùbọ́: wọn á bó o, wọn á bọ̀ ọ́, wọn á sá a sí oòrùn, wọn á sì lọ̀ ọ́ kí wọ́n tó fi ro àmàlà, èyí tí àwọn ará gúúsù ń pè ní télibo. Àmàlà dára, ṣùgbọ́n Laboko ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí òun ni ewu ń bẹ lórí rẹ̀. Kì í ṣe dáadáa lórí ilẹ̀ tí ó ti ṣá. Ilẹ̀ tí a ti fi sílẹ̀ fún igbó fún ọdún pípẹ́ ni ó ń fẹ́, ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ sì ń dín kù ní àyíká àwọn òkè wa. Àgbẹ̀ ń lọ jìnnà sí i, lọ́nà Ouèssè àti Tchaourou, láti wá igbó tí wọn yóò ṣán. Àwọn tí kò lè lọ ń gbin Kokoro, tí ó lè fara da ilẹ̀ tí kò lọ́ràá. Nítorí náà, bí iyán bá le tàbí tí ó bá pọ́n lórí àwo ní àwọn oṣù tí iṣu tuntun kò tíì dé, ẹ má yára bú olóúnjẹ. Láti oko ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ìṣòro mìíràn wà nídìí odó fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ apá àti èjìká ni. Ẹ̀rọ ìgúnyán ti wà ní àwọn ìlú ńlá, n kò sì ní bú ẹnikẹ́ni tí ó rà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu mi mọ ìyàtọ̀. Ohun tí n kò lè gbà ni kí ọmọdébìnrin tí wọ́n mú wá láti abúlé máa gún iyán fún èrò ọkọ̀ nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà nílé ìwé. Bí ẹ bá bá ọmọdé nídìí odó ní àárọ̀ ọjọ́ ìwé, ẹ kọjá sí ilé oúnjẹ kejì. Ibi tí àgbàlagbà ti ń gún un, tí wọ́n sì ń gba owó iṣẹ́ wọn, ni ó yẹ kí owó wa máa lọ, kódà bí àwo ibẹ̀ bá fi díẹ̀ wọ́n ju ti ẹlòmíràn lọ.

Ọbẹ̀ ẹ̀gúsí wà, ọbẹ̀ ẹ̀pà wà. Ọbẹ̀ ẹ̀pà ni mo máa ń yàn ní agbègbè yìí, pàápàá bí wàgàṣì bá wà nínú rẹ̀. Wàrà àwọn Fúlàní ni, tí wọ́n fi oje bomubomu mú dì. Ní Nàìjíríà, funfun ni a mọ̀ ọ́n sí; níhìn-ín, wọ́n máa ń sè é pẹ̀lú ewé ọkà bàbà títí ara rẹ̀ yóò fi pọ́n bí osùn. Bí a bá dín in, kì í yọ́, ọbẹ̀ kì í sì í tú u ká. Ẹni tí ó bá fẹ́ ọ̀yà, kí ó béèrè bóyá ti ọ̀sìn ni, nítorí a ti ń sin ín nílé lórílẹ̀-èdè wa, kò sì sí ìdí tí a ó fi pa èyí tí ó kù nínú igbó run.

Sábẹ̀ kò jìnnà síbẹ̀. Ọdún 1911 ni ojú irin láti Kútọnu dé ìlú náà, ó sì di 1936 kí ó tó dé Parakou. Ní gbogbo àárín ìgbà yẹn, ìlú wọn ti ń rí èrò tí ebi ọ̀nà ń pa. Ẹ jókòó sí ibi tí ẹ ó ti máa wo àwọn òkè olókùúta wọ̀nyẹn bí ẹ ti ń jẹun. N kò mọ ilé ìtura tí ó ní ohun tí ó dára tó bẹ́ẹ̀ lójú fèrèsé rẹ̀. Bí ẹ bá sì lè yan ìgbà, ẹ yan ìdajì oṣù kẹjọ. Ọjọ́ 15 oṣù náà ni Savalou ń ṣe ọdún iṣu tuntun. Ní àkókò kan náà ni àwọn ọmọ ìjọ Kátólíìkì ń rọ́ lọ sí ihò àpáta Arigbo ní Ìdáàṣà. Ibùsùn á wọ́n, ọ̀nà á kún, ṣùgbọ́n iṣu ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé ni.

Bí ẹ bá ń padà sí gúúsù, ẹ yà sí Kétu. N kò ní pẹ́ níbẹ̀, nítorí òwúrọ̀ ni ti Kétu. Ẹni tí ó bá wo Ẹ̀fẹ̀ mọ́jú ní ìgbà Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ adùn ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú epo. Nípa epo, Pọ̀bẹ́ wà lójú ọ̀nà. Láti 1922 ni wọ́n ti ń ṣe ìwádìí lórí igi ọ̀pẹ níbẹ̀.

Àjàṣẹ́ yàtọ̀ pátápátá. Omi ló ń bọ́ ọ. Láti àwọn abúlé Aguégués ni ọkọ̀ ń kó ẹja àti akàn wọlé, tí àwọn obìnrin ń dín wọn tàbí tí wọ́n ń yan wọ́n, tí wọ́n sì ń gbé wọn kalẹ̀ pẹ̀lú ata lílọ̀, àlùbọ́sà àti ẹ̀kọ tí àwọn Ẹ̀gùn ń pè ní àkàsà. Ẹ béèrè àmìwò pẹ̀lú: ọkà àgbàdo ni, tí wọ́n fi omi ẹran, epo àti tòmátì rò títí ó fi pọ́n. Àwọn tí ẹlẹ́dẹ̀ kì í ṣe èèwọ̀ fún ń lọ sí Adjarra nítorí rẹ̀, wọn kì í sì í kábàámọ̀.

Oúnjẹ kan wà ní ìlú yìí tí owó nìkan kò lè rà. Àwọn Àgùdà, ọmọ àwọn tí ó ti oko ẹrú Brazil padà wálé, mú feijoada bọ̀, ẹ̀wà tí a sè pọ̀ mọ́ ẹran. Èkó ní fréjọ̀n tirẹ̀ ní ọjọ́ Jímọ̀ Rere, tí wọ́n ń fi omi àgbọn sè. Ti Àjàṣẹ́ wọ́pọ̀ ní oṣù kìíní, nígbà ọdún Bonfim tí eégún Burian ń jáde. Inú ilé ni wọ́n ti ń sè é, nítorí náà ọ̀rẹ́ ni ẹ nílò, ẹni tí yóò mú yín wọlé.

Ẹni tí kò bá tíì ní irú ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀ lè lọ sí Songhaï, ibùdó tí Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní 1985. Oko, odò ẹja àti ilé oúnjẹ wà nínú ọgbà kan náà, tí ẹ lè rí ibi tí ewébẹ̀ ti hù kí ẹ tó jẹ ẹ́. Kò ní ariwo ẹ̀bá títì, èyí tí ó máa ń ṣe mí bí àìtó díẹ̀, ṣùgbọ́n ó dára púpọ̀ fún àlejò tí ó ṣì ń bẹ̀rù bẹ́ǹṣì.

Ní ti ibi iyán, ẹ tètè dé. Bí aago méjì ọ̀sán bá ti kọjá, odó sábà máa ń dákẹ́, èyí tí ó kù nínú kúlà kì í sì í jọ ti àkọ́gún. Ẹ mú owó ẹyọ dání pẹ̀lú. Kò sí ohun tí ń ba inú ìyá olóúnjẹ jẹ́ ní ọ̀sán gangan bí ìwé owó 10,000 faranki fún àwo iyán kan.