Ta Ni Ń Kọ́ Dókítà Ní Àánú?

Bí a bá ti ilé ìwòsàn dé, a máa ń sọ pé, "Dókítà yẹn mà láàánú o!" tàbí kí a sọ pé, "Oògùn rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò dára." Ǹjẹ́ ẹ ti bi ara yín léèrè rí pé níbo ni dókítà ti ń kọ́ àánú? Ìbéèrè yìí ni a fẹ́ dáhùn lónìí, kí a sì mọ ẹni tí ọpẹ́ yẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Mowe àti Ibafo, bí àìsàn bá le, ẹ ó dojú kọ Ṣàgámù tàbí Èkó. Ẹ̀yin ará Ifọ̀ yóò gba ọ̀nà Abẹ́òkúta tàbí ti Èkó. Ọ̀nà wọ̀nyí ni ó gbé wa dé ibi tí wọ́n ti ń kọ́ dókítà. Ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Olabisi Onabanjo wà ní Ṣàgámù. Ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ti Yunifásítì Èkó, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1962, wà ní Ìdí-Àràbà. Ti Ìbàdàn ni ó dàgbà jù. Ní 1948 ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, àwọn ọ̀dọ́ aláṣọ funfun tí ẹ ń rí níbẹ̀, tí wọ́n tò tẹ̀lé dókítà àgbà láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì, akẹ́kọ̀ọ́ ni púpọ̀ nínú wọn.

Ó tó ọdún mẹ́fà tí wọ́n fi ń kọ́ṣẹ́ náà. Ìwé ni wọ́n kọ́kọ́ ń kà: bí ẹran ara ti so mọ́ egungun, bí ọkàn ti ń ti ẹ̀jẹ̀ kiri, bí oògùn ti ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n wọ wọ́ọ̀dù. Akẹ́kọ̀ọ́ a bá aláìsàn sọ̀rọ̀, a yẹ̀ ẹ́ wò, a sì ro ohun tí ó rí fún ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá a bi í ní ìbéèrè, a tọ́ ọ sọ́nà, wọn a sì kọjá sí bẹ́ẹ̀dì kejì. Kò sí ohun tí ọ̀gá ṣe níbẹ̀ tí ojú akẹ́kọ̀ọ́ kò rí.

Àwa tí ń kọ́ àwọn tí yóò di tíṣà mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ọmọ ilé ìwé a máa kọ̀wé bí tíṣà rẹ̀ ti ń kọ ọ́ sójú pátákó, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò ní kí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Bákan náà ni dókítà rí. Bí ọ̀gá bá dúró lé aláìsàn lórí, tí ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni pé kò sí níbẹ̀, àwọn tí ó ń kọ́ yóò kọ́ ọ. Bí ó bá jókòó, tí ó ní, "Màmá, ẹ kú ìrọ́jú," tí ó tọrọ àyè kí ó tó ṣí aṣọ lára rẹ̀, wọn yóò kọ́ èyí pẹ̀lú.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ọmọlúwàbí lásán nìyí. Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ká ní obìnrin kan ti mu àgbo nílé kí ó tó wá. Bí dókítà bá jágbe mọ́ ọn, yóò ní òun kò mu nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ àgbo mìíràn lè ba kíndìnrín jẹ́, òmíràn sì lè bá oògùn òyìnbó jà nínú ara. Òótọ́ tí ẹ̀rù mú kí aláìsàn gbé mì lè pa á. Dókítà tí ó láàánú ni a ń sọ ọ́ fún.

Ẹ jẹ́ kí a wo méjì nínú irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ tí ilẹ̀ wa níhìn-ín bí. Èkíní ni Thomas Adéoyè Lambo, tí a bí ní Abẹ́òkúta ní 1923. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Aró ní 1954, ọ̀pọ̀ aṣínwín ni à ń dè mọ́lẹ̀ tàbí tí à ń tì mọ́lé. Lambo ṣètò pé kí àwọn aláìsàn wọ̀ sílé àwọn ará abúlé tí ó yí Aró ká, kí ẹbí wọn kan bá wọn gbé, kí wọ́n máa gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn, kí wọ́n sì máa padà sáàárín ènìyàn. Ó pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra pẹ̀lú. Ní 1963 ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Ìbàdàn. Ẹ̀kọ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ ń kọ́ni ni pé alárùn ọpọlọ, ọmọ ẹnìkan ni. Láti 1973 dé 1988 ó jẹ́ igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé. Ó kú ní 2004.

Èkejì ni Olikóyè Ransome-Kútì, tí a bí ní Ìjẹ̀bú-Òde ní 1927. Tíṣà ni bàbá àti ìyá rẹ̀. Ìtọ́jú ọmọdé ni ó ń kọ́ni ní Yunifásítì Èkó, ṣùgbọ́n kò fi iṣẹ́ mọ sí wọ́ọ̀dù. Ó bá àwọn ìyá dé àdúgbò wọn, ní Gbaja ní Sùúrùlérè. Nígbà tí ó jẹ́ mínísítà ètò ìlera, láti 1985 dé 1992, ó rí i pé a kọ́ àwọn ìyá káàkiri Nàìjíríà bí a ti ń fi omi, iyọ̀ àti ṣúgà gba ọmọ tí ń yàgbẹ́ gbuuru lọ́wọ́ ikú. Lóde òní, pákẹ́ẹ̀tì ORS àti oògùn zinc ni ó yẹ kí a béèrè ní ilé ìtọ́jú. Ohun tí dókítà lè kọ́ lára rẹ̀ ni pé ìyá ọmọ kì í ṣe òpè tí a ń jágbe mọ́. Alábàáṣiṣẹ́ dókítà ni. Ó kú ní 2003.

Báwo ni a ṣe ń bọlá fún irú wọn? Ìbúra tí àwọn dókítà àgbáyé fọwọ́ sí ní Gẹ̀nẹ́fà ní 1948 ní kí dókítà máa bu ọlá fún olùkọ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe ní 2017, wọ́n fi kún un pé kí a bu ọlá fún akẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú. Ẹni tí a fi ìyà kọ́ lè fi ìyà kọ́ ẹlòmíràn. Ní Amẹ́ríkà, dókítà ọmọdé kan, Arnold Gold, àti ìyàwó rẹ̀ Sandra, dá àjọ kan sílẹ̀ ní 1988 láti gbé ìwà àánú ga nínú iṣẹ́ ìṣègùn.

Àwa náà ní láti jí. Ọ̀pọ̀ dókítà ń fi Nàìjíríà sílẹ̀ lọ sí Ìlú Ọba àti ibòmíràn. Bí ẹni tí ó mọ àánú kọ́ni bá lọ, kì í ṣe dókítà kan ṣoṣo ni a pàdánù. Gbogbo àwọn tí ì bá kọ́ ni ó bá a lọ. Ẹ má jẹ́ kí ó di ọjọ́ ìsìnkú kí a tó yìn ín. Bí dókítà bá tọ́jú yín tìfẹ́tìfẹ́, ẹ béèrè orúkọ rẹ̀, kí ẹ kọ ìwé sí ọ̀gá ilé ìwòsàn náà. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá tọrọ àyè láti yẹ̀ yín wò, ẹ lè kọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbà, ẹ̀yin náà ti di olùkọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ sọ ibi tí ó ti ṣe dáadáa fún un.

Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé tí ẹ fẹ́ di dókítà, ẹ má dúró de Yunifásítì. Bí ẹ ti ń ṣe sí ẹlẹgbẹ́ yín tí ara rẹ̀ kò yá ní kíláàsì, ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀.